Oòrùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Àsíá Nàìjíríà

Àsíá Nàìjíríà, èyí tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba ní Ayọ̀bọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fẹ́ ní gbogbo ìlú orílẹ̀-èdè náà, jẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, tí a pín sí ọ̀já mẹ́ta ọgbọọgba tí ó dúró lóòró, tí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí ọ̀kan tó wà láàárín sì jẹ́ funfun. Kò sí ìràwọ̀ lára rẹ̀, kò sí ẹranko, kò sí ohun ìjà, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá ní pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo lọ́wọ́ lè yà á láìṣì í yà, nítorí pé bébà tí ó ń yà á sí ni yóò pèsè funfun àárín. Ìrọ̀rùn yìí ni àwọn kan fi ń fojú kéré rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé àsíá Gánà tí ó ní ìràwọ̀ dúdú, tàbí ti Kẹ́ńyà tí ó ní asà àti ọ̀kọ̀, dùn ún wò jù ú lọ. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí dì mú yàtọ̀ sí tiwọn: òfìfo tí ó wà láàárín àsíá náà ni iṣẹ́ ọnà tí ó jinlẹ̀ jù lọ lára rẹ̀, ohun tí àwọn onídàájọ́ ìdíje àsíá sì yọ kúrò nínú àwòrán àkọ́kọ́ ṣe é lóore ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbá fi kún un lọ.

Kí òyìnbó tó dé ni ilẹ̀ Yorùbá ti mọ àmì tí àwùjọ ń tẹ̀lé. Ọba ní adé onílẹ̀kẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ àti ọ̀pá àṣẹ. Àwọn jagunjagun ní ọ̀págun, ìyẹn ọ̀pá àmì tí àwọn ọmọ ogun máa ń kó ara wọn jọ sí abẹ́ rẹ̀ lójú ìjà. Ṣùgbọ́n ti ọba tàbí ti balógun ni àwọn àmì wọ̀nyẹn. Ará ìlú a máa wò wọ́n, a sì máa bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ kò lè mú wọn lọ sí ilé ara rẹ̀. Àsíá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé dé kò yàtọ̀ sí wọn lọ́nà yìí, nítorí ẹni tí ó ń pàṣẹ ni òun náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹni tí ó ni ilẹ̀. Lẹ́yìn tí Frederick Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1914, aṣọ aláwọ̀ aró ni wọ́n ń ta lórí òpó: àsíá Gẹ̀ẹ́sì wà ní igun òkè rẹ̀ lápá òsì, àmì tí wọ́n yàn fún Nàìjíríà sì wà lápá ọ̀tún, ìyẹn ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé onígun mẹ́fà tí ó yí adé ọba Gẹ̀ẹ́sì ká lórí òbìrí pupa. Lábẹ́ aṣọ yìí ni ọmọ Nàìjíríà san owó-orí, lábẹ́ rẹ̀ ni ó lọ jagun ní Bọ́mà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí bóyá ó rí ara rẹ̀ nínú ìràwọ̀ náà.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n pe ìdíje fún àsíá tuntun, ìkéde rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Michael Táíwò Akínkúnmi rí ìkéde náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, níbi tí ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Norwood Technical College. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Èbìbí ọdún 1936, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Àríwá ni ó ti lo ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà èwe kí ó tó padà wá kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ti Ìdí-Ìkàn àti ní Ibadan Grammar School, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọba ní Ìbàdàn kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tí ó dàgbà láàárín èdè méjì àti ẹkùn méjì bẹ́ẹ̀ kò ṣàì mọ̀ pé Nàìjíríà tóbi ju ìlú abínibí ẹni lọ. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdíje náà súnmọ́ 3,000 gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ti sọ ọ́. Tirẹ̀ ni wọ́n mú ní ọdún 1959, ẹ̀bùn 100 pọ́n-ùn sì ni ó gbà.

Àwòrán tí ó fi ránṣẹ́ kọ́ ni ó dé orí òpó pátápátá. Akínkúnmi ti ya oòrùn pupa kan tí ìtànṣán yọ lára rẹ̀ sí àárín funfun náà. Àwọn onídàájọ́ mú ewé, wọ́n mú funfun, wọ́n sì yọ oòrùn. Èyí nìkan ni wọ́n yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rọrùn láti kà á sí àdánù, nítorí oòrùn náà ì bá mú kí ojú tètè dá àsíá náà mọ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kí a tó dájọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a wo ohun tí àwọn àmì kéékèèké ń ṣe sí àsíá bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àsíá tí ó bá fi àmì ka ohun kan ti jẹ gbèsè iye ohun náà. Amẹ́ríkà fi ìràwọ̀ ka àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ní ọjọ́ kẹrin oṣù Agẹmọ ọdún 1960, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú òmìnira Nàìjíríà, ó tún ní láti gbé àsíá mìíràn jáde kí ìràwọ̀ rẹ̀ lè pé 50, nítorí pé Hawaii ti di ìpínlẹ̀. Malaya ní ìlà 11 lára àsíá rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ 11; nígbà tí ó di Malaysia ní ọdún 1963, ìlà náà di 14, nígbà tí Singapore sì kúrò ní ọdún 1965 tí iye kò bá ìlà mu mọ́, wọ́n ní láti wá ìtumọ̀ tuntun fún ìlà kẹrìnlá, wọ́n sì ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní ti Nàìjíríà, ẹkùn mẹ́ta ni ó ní ní ọdún 1960, ìyẹn Àríwá, Ìwọ̀-oòrùn àti Ìlà-oòrùn. Ẹkùn kẹrin dé ní ọdún 1963, ìpínlẹ̀ 12 rọ́pò àwọn ẹkùn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ọdún 1967, wọ́n di 19 ní ọdún 1976, 21 ní ọdún 1987, 30 ní ọdún 1991, àti 36 ní ọdún 1996. Bí àsíá bá ní àmì kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ì bá ti yí padà nígbà mẹ́fà, àríyànjiyàn ì bá sì ti wáyé nígbà kọ̀ọ̀kan lórí ẹni tí àmì rẹ̀ yóò wà lókè àti ẹni tí tirẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀.

Àwọn ènìyàn púpọ̀ ṣì gbà pé ọ̀já mẹ́ta tí ó wà lára àsíá dúró fún ẹkùn mẹ́ta ìgbà òmìnira, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn gan-an ni ó tako èrò náà. Àwọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta, èyí tó wà lápá òsì kò sì yàtọ̀ rárá sí èyí tó wà lápá ọ̀tún. Kò sí ẹkùn tí ó lè na ọwọ́ sí ewé kan kí ó sọ pé tòun nìyí, kí aládùúgbò máa wo tirẹ̀.

Ìtàn Ayọ̀bọ̀ fúnra rẹ̀ fi bí èyí ti ṣe wúlò tó hàn. Ní ọjọ́ òmìnira, ìlú Èkó nìkan ni ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú. Agbègbè Ìkẹjà, tí Ayọ̀bọ̀ wà nínú rẹ̀, wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, Ìbàdàn sì ni àṣẹ ti ń wá. Ní ọdún 1967 ó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó tuntun. Ní ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gé kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ ńlá kí ìṣàkóso lè súnmọ́ ará ìlú, wọ́n yọ Ayọ̀bọ̀-Ìpájà jáde lára Alímọ̀ṣọ́. Orúkọ tí wọ́n ń kọ sí pátákó ọ́fíìsì ti yí padà léraléra bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń gba owó-orí ti yí padà, ibi tí ẹ̀sùn ń lọ ti yí padà, àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń fà sókè ní àárọ̀ kò yí padà rí, nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn ààlà wọ̀nyẹn tí ó wà lára rẹ̀.

Oòrùn tí àwọn onídàájọ́ kọ̀ kò jọ ti Biafra, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Síbẹ̀ ó ṣòro láti má ṣe rántí pé nígbà tí apá Ìlà-oòrùn kéde pé òun ti yapa ní ọdún 1967, oòrùn ni ó gbé sí àárín àsíá tirẹ̀, ìdajì oòrùn tí ó ń yọ lórí àwọ̀ dúdú, tí ìtànṣán 11 sì wà lára rẹ̀ láti ka àwọn àgbègbè 11 tí ó para pọ̀ di ilẹ̀ náà. Oòrùn tí ń ka ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé ń sọ, láìlanu, ibi tí kò dé. Ní ọdún 1970 ogun parí, aṣọ tí kò ka ẹnikẹ́ni sì tún ṣeé fà sókè ní gbogbo apá Ìlà-oòrùn láìfi ohunkóhun kún un, láìyọ ohunkóhun kúrò.

Ìtumọ̀ tí wọ́n fún àwọ̀ méjèèjì kò díjú. Ewé dúró fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ ilẹ̀, funfun sì dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Ewé yẹn bá ọdún 1959 mu dáadáa, nítorí kòkó Ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀pà àti òwú Àríwá, àti epo pupa Ìlà-oòrùn ni owó orílẹ̀-èdè ti ń wá. Epo rọ̀bì tí wọ́n rí ní Oloibiri ní ọdún 1956 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí òkè òkun ni. Láti ìgbà náà, epo rọ̀bì ti gba ipò àgbẹ̀ nínú àpò ìjọba, ilé sì ti gba ipò oko ní ibi púpọ̀. Ilẹ̀ Àwórì tí Ayọ̀bọ̀ wà lórí rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ oko nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa àsíá yìí sókè. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí Alímọ̀ṣọ́, ìyókù oko sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé láti ìgbà náà títí dé ààlà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrètí ni àwọ̀ ewé jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí ó ń ra oúnjẹ láti òkèèrè, ó sì yẹ kí ó máa ta àwọn tó ń ṣèjọba jí.

Funfun ní ẹrù tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ fún ẹni tí ó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Àlàáfíà àti ìṣọ̀kan ni Akínkúnmi fi túmọ̀ rẹ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú tí ń wò ó máa ń mú ìmọ̀ tirẹ̀ wá. Àlà funfun ni aṣọ Ọbàtálá, òrìṣà tí kì í fẹ́ àbàwọ́n. Aṣọ funfun méjì tí a kò rán ni alálàájì máa ń dì ní Mẹ́kà, aṣọ funfun ni a sì fi ń sin òkú Mùsùlùmí. Sùtánà funfun ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù àti ti Sẹ̀lẹ́ ń wọ̀ lọ sí ìsìn, láìbọ bàtà. Ní àdúgbò tí ẹ̀sìn mẹ́ta wọ̀nyí ti ń gbé ojúlé kan náà, bí ó ti rí ní Ayọ̀bọ̀ àti Ìpájà, funfun náà kì í ṣe àyè tí ẹnì kan gbàgbé láti kun lọ́dà. Gbogbo wọn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní mímọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè sọ pé tòun nìkan ni.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960, ní pápá ìdíje ẹṣin ní Èkó, ibi tí a ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n sì fa ewé àti funfun sókè. Ọ̀gágun David Ejoor, tí ó wà ní ipò kápútẹ́ẹ̀nì nígbà náà, ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Ọmọ-ọba Alexandra sì ni ó ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth.

Láti òru náà, ohun tí kò yí padà ní Nàìjíríà kò tó nǹkan. Ọkọ̀ kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọdún 1972, náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọdún 1973, olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní ọdún 1991. Orin orílẹ̀-èdè yí padà ní ọdún 1978, ó sì padà sí ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ọdún 2024, tí àwọn olùkọ́ fi ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní orin tí àwọn òbí wọn gan-an kò mọ̀. Kódà ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ó wà lábẹ́ àmì orílẹ̀-èdè, ìyẹn àmì alásà dúdú tí ó ní idì pupa lórí àti ẹṣin funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti yí padà. Ọ̀rọ̀ ni àwọn orin àti ìwúrí wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ a sì máa gbó. Ọwọ́ kò tíì kan aṣọ tí kò sọ̀rọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àsíá náà wà lókè ìjà. Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde sí ojú pópó lòdì sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, àsíá ni wọ́n gbé lọ́wọ́, wọ́n sì ń jù ú ní Lẹkkí ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù Ọ̀wàrà nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn. Àwòrán àsíá tí ẹ̀jẹ̀ ti rin funfun rẹ̀ gba ayé kan. Kò sí ìgbà tí ìtumọ̀ funfun náà hàn kedere tó ọjọ́ tí wọ́n bà á jẹ́. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, àwọn tí ń jà fún òmìnira Yorùbá ya wọ ọgbà ìjọba ní Ìbàdàn pẹ̀lú àsíá tiwọn. Ní oṣù Ògún ọdún kan náà, nígbà ìwọ́de lórí ebi, àwọn kan gbé àsíá Rọ́ṣíà káàkiri ní Kano àti Kaduna, àwọn agbófinró sì mú àwọn télọ̀ tí wọ́n rán an. Mímú télọ̀ kò wo àrùn náà. Ẹni tí ebi ń pa tí ó sì gbé àsíá ilẹ̀ àjèjì ń sọ pé òun kò rí ara òun mọ́ nínú èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì tọ́ sí ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń jókòó lábẹ́ ewé àti funfun.

Ìgbésí ayé ẹni tí ó ya àsíá náà wà lára ìdáhùn tí orílẹ̀-èdè fún ni. Akínkúnmi padà sílé ní ọdún 1963, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 1994, ó sì ń gbé ní ilé kan tí ó kùn ní ewé àti funfun, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí ń kí àsíá rẹ̀ láràárọ̀ láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kan ni ó wá a rí ní ọdún 2006, tí ó sì kéde rẹ̀ fún aráyé. Oyè ìdánilọ́lá OFR dé ní ọdún 2014, àádọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn ìgbà tí ó tọ́ sí i. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ògún ọdún 2023, ní ẹni ọdún 87. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó sin ín, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìtìjú ni èyí jẹ́, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Òfin kò dákẹ́ lórí bí ó ti yẹ kí a tọ́jú aṣọ náà. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 24, ka bíbọ̀wọ̀ fún àsíá mọ́ ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, òfin tí ó dá lórí àsíá àti àmì orílẹ̀-èdè, tí ó ti wà láti ọdún 1960, sì ka fífa àsíá tí ó ti bàjẹ́ sókè sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí èyí ti rí lójú pópó yàtọ̀. Oòrùn àti òjò Èkó a máa mú kí ewé ṣí di àwọ̀ tí kò lórúkọ láàárín oṣù díẹ̀, ìjì a sì ya etí rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń tà fún ayẹyẹ ọjọ́ òmìnira kò ní àwọ̀ ewé kan náà, òmíràn dúdú bí ewé ẹ̀fọ́, òmíràn mọ́ bí ọ̀dọ́ koríko, àwọn mìíràn sì kúrú débi pé ọ̀já wọn ti di tínrín. Nígbà tí Muhammadu Buhari kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Agẹmọ ọdún 2025 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì pàṣẹ pé kí wọ́n fa àsíá wálẹ̀ dé ìdajì òpó fún ọjọ́ méje, àṣẹ náà kan gbogbo ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í pé bí aṣọ tí wọ́n ń fà wálẹ̀ bá ti gbó.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nílò ìgbìmọ̀ ńlá, nítorí kò sí àsíá tí ó rọrùn fún télọ̀ láti rán bí èyí. Fún àsíá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 90, aṣọ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 tí ó sì ga ní 90 ni télọ̀ yóò gé, tí yóò fi díẹ̀ kún un fún ojú rírán. Kò sí ìràwọ̀ tí yóò gé, kò sí oòrùn tí ìtànṣán rẹ̀ yóò wọ́. Àwọn télọ̀ kò wọ́n ní Ayọ̀bọ̀, Mẹgidá àti Ayétòrò, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì wọ́n, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé Anchor University. Ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ayọ̀bọ̀-Ìpájà lè yan àwọ̀ ewé kan ṣoṣo, kí ó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn télọ̀ àdúgbò rẹ̀ lọ́dọọdún ní oṣù Ògún, kí aṣọ tuntun lè dé orí gbogbo òpó kí oṣù Ọ̀wàrà tó wọlé, kí olùkọ́ sì sọ orúkọ Táíwò Akínkúnmi fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á sókè.